Ìyá Ìbejì, ọjọ́ mẹ́wàá kò lè gbé yín dé Tuktoyaktuk

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o. Mo ka ohun tí ẹ kọ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dáhùn. Ẹ̀yin, bàbá àwọn ọmọ àti ìbejì ọmọ ọdún mọ́kànlá fẹ́ gbéra ní Calgary nínú oṣù Keje, ẹ fẹ́ fi minivan yín wakọ̀ dé Tuktoyaktuk (Tuk), ìlú kékeré ní ìparí àríwá Kánádà, kí àwọn ọmọ lè ki ẹsẹ̀ bọ Òkun Arctic, kí ẹ sì gba Alaska padà sílé, gbogbo rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Ohun tí ẹ wá béèrè ni irú oúnjẹ tí ẹ máa dì sọ́kọ̀. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ń bọ̀ níwájú. Ọjọ́ mẹ́wàá yẹn ni ká kọ́kọ́ jọ jà lé lórí.

Calgary sí Dawson Creek, níbi tí òpó Mile 0, ìbẹ̀rẹ̀ Alaska Highway, wà, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900 kìlómítà. Láti ibẹ̀ dé Whitehorse, olú ìlú Yukon, lé ní 1,400. Whitehorse sí Dawson City lé ní 500. (Dawson Creek yàtọ̀ sí Dawson City o! Ọ̀rẹ́ mi kan san owó hòtẹ́ẹ̀lì sí èyí tí kò yẹ, ó wá ń pe ẹlẹ́ni ẹlẹ́ni ní olè.) Ẹ óò wá yà sí Dempster Highway, nǹkan bí 740 kìlómítà ilẹ̀ olókùúta tí kò ní ọ̀dà, títí dé Inuvik, lẹ́yìn náà bí 140 mìíràn sí Tuk. Ẹ ro ó pọ̀, ẹ óò rí i pé àlọ nìkan ń lọ sí bíi 3,700. Bí ẹ bá fi àbọ̀ kún un, tí ẹ pín in sí ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ óò máa wa ju 700 kìlómítà lọ lójoojúmọ́, láìsí ọjọ́ ìsinmi kan ṣoṣo, lórí ọ̀nà tó jẹ́ pé ní ibòmíràn, ẹni tó bá ń sá 60 ti ń sá eré àsápajúdé. Ìbejì yóò rí ẹ̀yìn orí bàbá wọn dáadáa. Bóyá ni wọ́n máa rí nǹkan mìíràn.

Ìmọ̀ràn mi nìyí. Bí ọjọ́ mẹ́wàá ni ọ̀gá yín yọ̀ǹda, ẹ lọ sí Whitehorse kí ẹ padà. Bí ó bá di mẹ́rìnlá, ẹ dé Dawson City, kí ẹ wọ Dempster fún 70 kìlómítà péré dé ọgbà igbó Tombstone, ẹ pàgọ́ níbẹ̀, ẹ óò rí òkè tí ẹ kò ní gbàgbé. Tuk ń fẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èmi fi ọjọ́ mọ́kàndínlógún dé ibẹ̀ ní 2022, a sì ń sáré.

Ẹ ṣàkíyèsí pé mo ní 2022. Ìgbà kejì wa nìyẹn. Ìgbà àkọ́kọ́, ní 2019, a ò dé ibì kankan.

Táyà ni. Kí a tó kúrò ní Edmonton, mo gbé ọkọ̀ lọ bá ẹni tó máa ń bá wa tún un ṣe, mo sì sọ ibi tí à ń lọ fún un. Ó fi ẹsẹ̀ gbá táyà, ó ní wọ́n ṣì le koko. Fún títì Edmonton, òótọ́ ló sọ. Òkúta tó wà lójú Dempster kì í ṣe róbótó bí èyí tí à ń dà sí ìdí ìpìlẹ̀ ilé. Pẹlẹbẹ ni, etí rẹ̀ mú bí abẹ ìfárí, ó sì máa ń dúró lórí etí yẹn de èèyàn. A ti kọjá Tombstone, a ò tíì dé Eagle Plains, ibi ìdúró tó ní hòtẹ́ẹ̀lì àti epo lójú ọ̀nà náà, aago méje alẹ́ ti lù, oòrùn sì wà lókè bí aago méjì ọ̀sán, mo gbọ́ “fíììì”. Táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún. Mo bọ́ sílẹ̀, mo yọ sípíà: èyí tín-ín-rín yẹn, tó dà bí táyà kẹ̀kẹ́ ológeere, tí wọ́n kọ sí lára pé kí a má fi sá ju 80 lọ. Mo fẹ́ fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, jáàkì ń rì wọ inú òkúta wẹẹrẹ. Pákó tí ìyàwó mi fi ń gé àlùbọ́sà la fi tẹ́ ẹ nísàlẹ̀. Mo de sípíà, mo ń rọra wọ́ lọ ní 40. Kò tó ogójì ìṣẹ́jú tí òun náà fi bẹ́.

Mo dúró lójú ọ̀nà, mo ń wo táyà méjì tó kú sílẹ̀ níwájú mi. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kò sí ilé, òkè nìyí, òkè nìyẹn. Ọkọ̀ mẹ́ta ló kọjá láàárín wákàtí méjì, gbogbo wọn ló dúró, torí kò sí ẹni tó ń rí ọkọ̀ tó dákú lójú ọ̀nà yẹn tí í kọjá lọ. Ṣùgbọ́n táyà wọn ò bá tiwa mu. Nígbẹ̀yìn, awakọ̀ tírélà kan gbé èmi àti táyà méjèèjì, tọkọtaya àgbàlagbà kan sì gbé ìyàwó mi àti ọmọ wa tẹ̀lé wa dé Eagle Plains. Ẹni tó ń lẹ táyà níbẹ̀ tẹ ìka bọ inú ojú ibi tó ya, ó mi orí. Ẹ̀gbẹ́ ló ti ya, ẹ̀gbẹ́ kì í sì í gba lílẹ̀. Ọjọ́ méjì la fi dúró de táyà tí yóò ti ìsàlẹ̀ wá, tí à ń san owó hòtẹ́ẹ̀lì, tí ọkọ̀ wa wà nínú igbó lóun nìkan. Nígbà tí a dè é tán, ọjọ́ ti tán lọ́wọ́ wa. A yí orí padà. Ọmọ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé Whitehorse.

Nítorí náà, bí ẹ bá máa wọ Dempster rárá, sípíà méjì ni, tó tóbi bí àwọn tó ń yí nílẹ̀, tí wọ́n ti wà lórí irin wọn. Ẹ ra pọ́ǹpù kékeré tó ń lo iná ọkọ̀, irinṣẹ́ lílẹ táyà, àti pákó gidi fún ìdí jáàkì (ẹ fi ti àlùbọ́sà sílẹ̀). Kí ẹ̀yin àti bàbá ìbejì pàrọ̀ táyà lẹ́ẹ̀kan níwájú ilé yín kí ẹ tó lọ, kì í ṣe kí ẹ máa kọ́ ọ níbi tí ẹ̀fọn ti ń jẹ yín. Bí ọkọ̀ tí ẹ yá ni ẹ fẹ́ gbé, ẹ ka ìwé àdéhùn rẹ̀ dáadáa, torí ọ̀pọ̀ wọn ló kọ̀ kí ẹ gbé e wọ ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà, bó bá sì bàjẹ́ níbẹ̀, ọrùn yín ló wà. Bí tírélà bá ń bọ̀, ẹ dín eré kù, ẹ fà sọ́wọ́ ọ̀tún, kí iná iwájú wà ní títàn tọ̀sántòru. Gíláàsì iwájú yín máa gba òkúta bó ti wù kó rí. Bí òjò bá wá rọ̀, oògùn tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà kí eruku má baà gbéra yóò sọ ilẹ̀ di ẹrẹ̀ tó ń yọ̀, tó sì ń gan bíi sìmẹ́ǹtì bó bá gbẹ. Ẹ fi omi fọ abẹ́ ọkọ̀ ní ìlú àkọ́kọ́ tí ẹ bá dé.

Ti epo kò gùn: láti ìyànà Dempster dé Eagle Plains, bí 370 kìlómítà, kò sí ilé epo kankan láàárín. Ẹ kún táǹkì, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì kan dání. Lórí Alaska Highway pàápàá, bí táǹkì bá ti dé ìdajì, ẹ rà.

Ó wá di orí oúnjẹ. Ẹ gbé gàrí, kúlíkúlí, ẹ̀pà, ṣinṣín àti ọbẹ̀ tó ti dì sínú kúlà. Ọjà wọ́n lọ́hùn-ún, ẹ óò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ gàrí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹja yíyan sílẹ̀ nílé. Ní 2019 yìí kan náà, kí ọ̀rọ̀ táyà tó ṣẹlẹ̀, a pàgọ́ síbì kan ní British Columbia, ó rẹ̀ wá, a gbàgbé kúlà sórí tábìlì níta. Ní ìdájí, mo gbọ́ bí nǹkan ṣe ń fa ọ̀rá ya. Mo yọjú, béárì dúdú kan jókòó ti kúlà wa bí ẹni tó wá kí wa. Ó ti jẹ ẹja àrọ̀ tí ìyá ìyàwó mi fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn, tegungun-tegungun. Ó wá fi imú kan ọ̀rá ata gígún. Ó sín. Ó sín lẹ́ẹ̀kan sí i, ó mi orí, ó bínú dìde, ó sì rìn wọ igbó lọ. À ń fi rẹ́rìn-ín nísinsìnyí, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn ẹnu wa ò gbà á. Olùtọ́jú ọgbà igbó náà bá wa wí bí ọmọdé, ó sì tọ́ sí wa: béárì tó bá ti jẹ oúnjẹ èèyàn lẹ́ẹ̀kan yóò padà wá, wọ́n sì lè torí ẹ̀ yìn ín níbọn. Gbogbo ohun tó bá ń rùn, títí kan ọṣẹ ìfọyín àti ìpara, inú ọkọ̀ ni kó sùn, kí ilẹ̀kùn wà ní títì.

Ẹ ra agolo ata tí wọ́n ń fọ́n sí béárì, kí ó wà ní ìbàdí yín, kò wúlò ní bùùtù. Ẹ má rò pé irú èyí kò ṣẹlẹ̀ rí: ẹnì kan tí a jọ pàgọ́ fọ́n tirẹ̀ sára àgọ́ bí ẹni ń fọ́n oògùn ẹ̀fọn. Nígbà tí òórùn ata yẹn bá lọ tán, èyí tó kù lára aṣọ a tún máa fa béárì wá.

Níti ẹ̀fọn fúnra rẹ̀, kò ní ibà lára, ṣùgbọ́n ó pọ̀ débi pé ẹ óò máa gbé e mì pẹ̀lú ẹ̀kọ. Ẹ ra àwọ̀n orí fún ìbejì. Ẹ tún máa rí ẹfọ̀n, àwọn ńláńlá onírun tó ń jẹko létí títì ní apá odò Liard ní British Columbia, tó sì máa ń sùn sójú ọ̀nà nígbà tó bá wù ú. Àmì orí nìkan ló yà wọ́n lórí ìwé, àmọ́ èyí kejì kì í kúrò lọ́nà fún fèrè. Ẹ dúró sínú ọkọ̀, ẹ jẹ́ kó ṣe tán. Ibi omi gbígbóná Liard wà nítòsí ibẹ̀, omi tó ń sun láti inú ilẹ̀ wá. Ẹ fún un ní odindi ìrọ̀lẹ́ kan.

Ilẹ̀ kì í ṣú. Ní Inuvik oòrùn kì í wọ̀ rárá láti ìparí oṣù Karùn-ún títí di nǹkan bí àárín oṣù Keje, àwọn ọmọ á sì máa ta bọ́ọ̀lù ní aago kan òru. Ìró àdìrẹ aláró méjì tí ìyàwó mi fi bo fèrèsé ọkọ̀ ló jẹ́ ká rí oorun sùn.

Alaska tí ẹ fẹ́ gbà bọ̀ ńkọ́? Ẹ kò sọ irú ìwé ìrìnnà tí ẹ ní. Bó bá ṣe aláwọ̀ ewé ti Nàìjíríà ni, káàdì ìgbélùú Kánádà kò tó. Ẹ nílò físà Amẹ́ríkà, tìbejì-tìbejì. Ẹnubodè tó wà lọ́nà Dawson City sì máa ń tì lálẹ́. Èmi á ní kí ẹ yọ ọ́ kúrò.

Kí ẹ tó gbéra, ẹ máa wo DriveBC àti 511 Yukon, àwọn ìkànnì tó ń sọ bí ojú ọ̀nà ṣe rí, láràárọ̀. Nínú oṣù Karùn-ún 2024, iná igbó lé gbogbo ará Fort Nelson jáde nílé, ojú ọ̀nà yín gan-an nìyẹn. Bákan náà, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi sátẹ́láìtì ránṣẹ́ ni kí ẹ yá tàbí rà. Ìyẹn ni mo ní lọ́wọ́ ní 2022 tí n kò ní ní 2019.

Bó bá jẹ́ Whitehorse lẹ yàn, ẹ má rò pé ẹ pàdánù. Ẹ sọ fún ìbejì pé ní 1942 tí wọ́n la Alaska Highway, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà aláwọ̀dúdú tó lé ní 3,000 wà nínú àwọn tó là á, púpọ̀ nínú wọn láti ilẹ̀ gbígbóná gúúsù, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn funfun. Ní Sikanni Chief, tí ẹ óò kọjá kí ẹ tó dé Fort Nelson, wọ́n fi pákó kan afárá odò láàárín ọjọ́ mélòó kan, tí wọ́n ń ṣe é tọ̀sántòru. Ọmọ mi ní kí n dúró níbẹ̀, mo sì dúró. Ní Watson Lake, ọmọ ogun kan tí àárò ilé ń sọ kan pákó tó tọ́ka sí ìlú rẹ̀ mọ́ òpó lọ́dún yẹn, àwọn èèyàn sì ti ń kan tiwọn láti ìgbà náà títí ó fi di igbó pákó. Ẹ gbé pákó tiyín dání. “Ìbàdàn” wà níbẹ̀, a kàn án mọ́ apá òsì bí ẹ bá wọlé.

Bí ẹ bá sì ní Tuk ni dandan, lálẹ́ òní, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, ẹ jáde lọ wo ẹ̀gbẹ́ táyà yín. Lẹ́tà àti nọ́ńbà kan wà níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ síbí bó ṣe wà gẹ́lẹ́, kí ẹ sì sọ bóyá LT (irú táyà ọkọ̀ akẹ́rù kékeré, tó le ju ti ọkọ̀ lásán lọ) ló bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá tẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, bóyá sípíà tilẹ̀ wà níbẹ̀. Minivan mìíràn wà tó jẹ́ pé pọ́ǹpù kékeré àti ike gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.