Èsì: Outlook 2007 tó kọ̀ tí ò ṣí mọ́, PST ti wọ 19GB

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú wàhálà. Ẹ ní látìgbà tí wọ́n ti mú iná lọ lójijì ni Outlook yín ò ti ṣí mọ́, fáìlì PST yẹn, ìyẹn ibi tí Outlook ń kó ìmeèlì yín sí, sì ti wọ 19GB. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pa nǹkankan rẹ́ o! Irú ẹ̀ ṣe èmi náà rí ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Lagere níbí, jẹnẹrétọ̀ ló kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ kọ́kọ́ pa Outlook, ẹ wá kọ́pì PST yẹn sórí hard disk míì, torí àtúnṣe gan-an lè bà á jẹ́ sí i. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wá SCANPST.EXE, irinṣẹ́ àtúnṣe PST tó bá Outlook wá, lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ fi Browse mú fáìlì yẹn, ẹ tẹ Start, tó bá ti rí àṣìṣe ẹ tẹ Repair, kẹ́ ẹ sì fi sílẹ̀ o, tèmi lò ju wákàtí mẹ́ta lọ, mo tiẹ̀ lọ jẹyán mo dé ó ṣì ń yí. Tó bá parí ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kan kì í sábà tó.

Ti títóbi ẹ̀, 20GB ni Outlook 2007 ń gbà mọ, láti Outlook 2010 lọ ló ń gba 50GB. Ìmeèlì tẹ́ ẹ bá parẹ́ ò ní jẹ́ kí fáìlì kéré lójú ẹsẹ̀, àyè ẹ̀ á kàn ṣófo síbẹ̀ ni, àfi tẹ́ ẹ bá da Deleted Items nù tẹ́ ẹ wá lọ tẹ Compact Now níbi sẹ́tíǹsì Data File. Àwọn ìmeèlì àtijọ́, ẹ ṣí PST míì fún wọn.

Tí Repair bá kọ̀, ẹ kọ ohun tó gbé jáde síbí ká wò ó.