Ẹ Bi Wá: Ṣé Ìtẹ̀ Ìwé Yìí Dáa?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo máa ń kó ìwé ìtàn iwin àti idán jọ, àwọn olówó gọbọi tó máa ń wà nínú páálí líle. Ẹnì kan fẹ́ ta ọ̀kan fún mi ní Dùgbẹ̀, ó ní ti Folio Society, ilé iṣẹ́ kan tó ń tẹ̀wé, ni. Kí ni kí n wò kí n tó sanwó?
Òǹkàwé, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ẹ ṣé tẹ́ ẹ kọ̀wé. Folio Society, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní London ní 1947, iṣẹ́ wọn máa ń dáa, àmọ́ ẹ má tìtorí orúkọ sanwó, ẹ ṣí i wò. Ẹ wo ẹ̀yìn ìwé, ibi tí wọ́n ti so bébà pọ̀, látòkè, tẹ́ ẹ bá rí i pé bébà wà ní ìdìpọ̀ ìdìpọ̀, tí òwú sì wà láàárín ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n rán an nìyẹn, ó máa pẹ́ gan-an ju èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù nìkan lẹ̀ lọ. Ẹ gbé ewé ìwé kan sókè kí ìmọ́lẹ̀ tàn gba ẹ̀yìn ẹ̀, tí lẹ́tà ẹ̀yìn bá hàn jù, bébà yẹn ti fẹ́lẹ́ jù.

Àwòrán lèmi máa ń pẹ́ lórí ẹ̀ jù: ẹ mú awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, kẹ́ ẹ wo etí àwòrán dáadáa, tí pupa tàbí búlúù bá yọ kọjá ìlà, wọn ò to àwọ̀ léra bó ṣe yẹ nìyẹn, èmi ò ní san owó ńlá lé e láéláé.

Páálí ńkọ́? Kí ìwé rọra yọ jáde, kó má há, kó má sì já bọ́. Tẹ́ ẹ bá rà á, ẹ má tò ó mọ́ ògiri nígbà òjò o, ọ̀rinrin á bà á jẹ́.