Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ojú Pushkin Nínú Àwòrán

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ayàwòrán ni mí ní Àgbádárìgì, ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Oníbàárà kan gbé àwòrán Pushkin, akéwì ilẹ̀ Rọ́ṣíà, tí Kiprensky yà, wá fún mi pé kí n yà á ní ńlá, ó ní ọmọ Áfíríkà ni baba ńlá rẹ̀. Mo wò ó títí, n kò rí Áfíríkà níbẹ̀. Ṣé wọ́n fi í pamọ́ ni? Àwòrán wo ni kí n tẹ̀ lé?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni oníbàárà yín sọ. Abram Gannibal, tí ó bí baba ìyá Pushkin, ni wọ́n kó lẹ́rú ní Áfíríkà nígbà èwe, tí ó dé ààfin Ọba Peter ní Rọ́ṣíà, tí ó sì di ọ̀gágun ńlá níbẹ̀. Àwọn kan ní Abyssinia, tí à ń pè ní Ethiopia lónìí, ni ó ti wá, ṣùgbọ́n Dieudonné Gnammankou, onímọ̀ ìtàn tí ó jẹ́ ará Benin, orílẹ̀-èdè tí ó bá yín pààlà ní Sẹ̀mẹ̀, ní Logone nítòsí adágún Chad ni. Ẹ rántí pé ẹyọ kan péré ni Gannibal nínú àwọn mẹ́jọ tí ó bí àwọn òbí àgbà Pushkin.

Ní 1827 ni Orest Kiprensky ya èyí tí ó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ wò ó dáadáa: irun rẹ̀ lọ́, èékánná rẹ̀ gùn, aṣọ onílà rọ̀ sí èjìká rẹ̀, ère obìnrin tí ó mú ohun èlò orin olókùn sì wà lẹ́yìn. Pushkin kọ ewì sí ayàwòrán náà pé òun rí ara òun bí ẹni wo dígí, ṣùgbọ́n dígí náà ń pọ́n òun ju bí òun ṣe rí lọ.

Ọdún yẹn kan náà ni Vasily Tropinin, tí òun pàápàá jẹ́ ẹrú títí di 1823, ya tirẹ̀. Aṣọ ìgbélé ni Pushkin wọ̀ níbẹ̀, ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣí sílẹ̀, òrùka wà ní àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún. Èmi fẹ́ràn èyí jù, nítorí ènìyàn ni mo rí níbẹ̀, n kò rí olókìkí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń wá Áfíríkà, inú àwòrán tí Geitman fín sí iwájú ìwé Pushkin kan ní 1822 ni ó ti hàn jù, níbi tí Pushkin ti jẹ́ ọmọdékùnrin tí ó fi ìkúùkù gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ère ńlá Pushkin tí Opekushin ṣe, tí wọ́n ṣí ní Moscow ní 1880, kò ní ràn yín lọ́wọ́.

Ẹni tí kò pọ́n ọn rárá ni Pushkin fúnra rẹ̀. Etí ìwé tí ó ń kọ ewì sí kún fún ojú ara rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, tí ó fi kálámù fà: imú rẹ̀ gùn, irun kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó tilẹ̀ ya ara rẹ̀ bí arúgbó, bẹ́ẹ̀ ẹni ọdún 37 ni nígbà tí ìbọn pa á ní 1837. Ẹ mú ojú láti ọ̀dọ̀ Tropinin, kí ẹ mú imú láti etí ìwé wọ̀nyẹn, ẹ má sì kun ún dúdú ju bí ó ti rí lọ nítorí owó oníbàárà.