Èsì: Bàbá tó ṣì ń fa sìgá 2 lójúmọ́ lẹ́yìn àìsàn ọkàn

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá o. Ẹ ní láti ìgbà tí wọ́n ti ń ti Kubwa lọ ṣe eré ìdárayá ọkàn, wọ́n ti dín sìgá kù láti 20 sí 2, ẹ wá ń béèrè bóyá ìyẹn tó. Kò tó rárá. Sìgá 1 péré lójúmọ́ ń fa nǹkan bí ìdajì ewu tí 20 ń fà fún ọkàn. Kí wọ́n mú ọjọ́ kan, kí wọ́n jáwọ́ pátápátá.

Ẹ má bẹ̀rù ṣingọ́ọ̀mù nikotínì, ìyẹn ṣingọ́ọ̀mù tó ní èròjà inú tábà, tí wọ́n ń jẹ láti fi jáwọ́ nínú sìgá. Ó sàn fún ọkàn ju èéfín lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n kí dókítà mọ̀ sí i. Bí wọ́n bá máa ń fa sìgá kí ìṣẹ́jú 30 tó pé tí wọ́n jí, miligíráàmù 4 ni kí ẹ rà. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ́ wàwà á gbé oje rẹ̀ mì, òsúkè àti èébì ló ń fà. Kí wọ́n rún un díẹ̀díẹ̀ títí á fi ta lẹ́nu bí ata, kí wọ́n fi há ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tó bá rọlẹ̀, kí wọ́n tún rún un, títí ìṣẹ́jú 30 á fi pé.

Obì ńkọ́? Èéfín sìgá ń jẹ́ kí ara tètè da kafeínì, èròjà inú obì tó ń lé oorun lọ, nù. Tí sìgá bá dúró, obì tí wọ́n ń jẹ tẹ́lẹ̀ á pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀: àyà á máa já, oorun ò ní wá, wọ́n á sì rò pé àìfa sìgá ló fà á. Ẹ bá wọn dín in sí ìdajì.

Ọjọ́ 3 àkọ́kọ́ ló máa ń le jù. Kí ẹnikẹ́ni má fa sìgá tàbí shisha nínú ilé yẹn.