Ìwé ICAN rẹ, má tíì pa á tì

Àbúrò mi, o ní ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí o má wulẹ̀ náwó sórí ìdánwò ICAN, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn akáǹtáǹtì Nàìjíríà, mọ́, pé ẹ̀rọ ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ akáǹtáǹtì. Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Nígbà tí èmi wọṣẹ́, bí oṣù bá ti ń parí, ẹnì kan á máa ka sítétímẹ́ǹtì báńkì sókè, ẹnì kejì á máa fi bírò pupa sàmì sí léjà, ìwé tí a ń kọ owó sí, ilẹ̀ á sì ṣú mọ́ wa lọ́fíìsì. Iṣẹ́ yẹn ti lọ. Sọ́fítíwià á fa sítétímẹ́ǹtì wọlé fúnra rẹ̀, á so owó kọ̀ọ̀kan mọ́ ínfọ́ìsì, ìyẹn ìwé owó ọjà tí a fún oníbàárà, ká tó ṣẹ́jú pẹ́ ó ti parí.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ kò rò ni pé ìdí iṣẹ́ adánilágara yẹn gan-an la ti kọ́ṣẹ́.

Ọ̀gá kan tó ń ta ohun èlò ìkọ́lé pè mí torí pé oníbàárà rẹ̀ kan ń bínú: ó ti sanwó, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń fi ìwé gbèsè ránṣẹ́ sí i. Mo ṣí ìwé wọn. Èèyàn méjì ló ra sìmẹ́ǹtì ₦250,000 lọ́sẹ̀ kan náà. Ẹnì kan san, ẹnì kan ò san. Àkáǹtì ìyàwó ẹni tó san ni owó náà ti wá, orúkọ obìnrin náà kò sì sí lórí ínfọ́ìsì kankan. Iye owó nìkan ni sọ́fítíwià wò, ló bá kọ ọ́ sórúkọ ẹni tí kò san. Ọmọ tó wà nídìí kọ̀ǹpútà tẹ̀ ẹ́ pé ó dáa, torí iye tó wà ní báńkì àti èyí tó wà nínú ìwé ṣe déédéé. Ó sì ṣe déédéé lóòótọ́ o! Báńkì kì í bèèrè ẹni tó jẹ gbèsè. Kówó ṣáà ti wọlé ni tiẹ̀. Rìsíìtì tí oníbàárà fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ló tú gbogbo rẹ̀.

Ti POS tún wà níbẹ̀. Èèyàn ra ọjà ₦100,000, báńkì yọ owó tiẹ̀, ₦99,500 ló wọlé, ọmọ náà sì kọ ₦99,500 sílẹ̀ bí owó ọjà. Bẹ́ẹ̀ ₦100,000 lọ́jà, ₦500 sì ni ìnáwó báńkì. Orí iye tí a ta ọjà ni VAT, owó orí tí ìjọba ń gbà lórí ọjà, ń dúró lé, kì í ṣe orí ohun tí báńkì ṣẹ́kù. Irú èyí kì í hàn lójúmọ́ kan. Ó di ìgbà tí ọ́dítọ̀, ẹni tó ń yẹ ìwé owó wò, bá dé.

Àwọn ẹ̀rọ AI tó ń báni sọ̀rọ̀ yìí ńkọ́? Mò ń lò wọ́n láti kọ lẹ́tà sí ajigbèsè àti láti wá fọ́múlà Excel, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ. Àmọ́ ọ̀kan bá mi ṣírò VAT ní 5%, gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń dán bíi ti lọ́yà. Láti oṣù kejì ọdún 2020 ló ti di 7.5%. Ẹni tí kò bá mọ̀ tẹ́lẹ̀ á kàn fi ránṣẹ́ ni.

Ọ́fíìsì tó bá gbà ọ́ lónìí lè má fún ọ ní ohunkóhun fọwọ́ kọ, nítorí náà wá tìrẹ. Gba ìwé ọjà oṣù kan lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù kan ládùúgbò yín, pẹ̀lú sítétímẹ́ǹtì báńkì rẹ̀. Fọwọ́ kọ ọ́, debit lápá òsì, credit lápá ọ̀tún, kí o sì wá gbogbo náírà tó bá sọnù. Lẹ́yìn náà ni kí o kó oṣù yẹn kan náà sínú sọ́fítíwià. Níbi tí èsì méjèèjì bá ti yàtọ̀, bi oníṣọ́ọ̀bù léèrè kí o tó gbà pé ìwọ lo ṣì í.