Ọ̀fọ̀ tí fóònù tú

Lẹ́tà tí mo fẹ́ dá lóhùn lọ́sẹ̀ yìí wá láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, láti ọwọ́ olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún 74. Ojú ìwé mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi bírò kọ. Wọ́n ní báńkì sọ pé kí àwọn lọ máa fi fóònù ṣe gbogbo ẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ò rí lẹ́tà tín-tìn-tín tó wà lójú rẹ̀. Nọ́ńbà àjèjì ń pè wọ́n láàárọ̀, ó ń pè wọ́n lálẹ́, pé BVN wọn, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí báńkì fún wọn, fẹ́ kú. Nígbà Iléyá tó kọjá, ọmọ-ọmọ mẹ́fà ló wà ní pálọ̀ wọn, kò sí èyí tó gbójú sókè kúrò lára fóònù. Wọ́n mẹ́nu ba ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò náà. Ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé kẹta, wọ́n kàn sọ ọ́ ní ṣókí pé orí fóònù yìí kan náà ni àwọn ti rí i pé ọ̀rẹ́ àwọn kú, àti pé àwọn ò tíì dé ilé ọ̀rẹ́ náà nítorí inú ń bí àwọn. Wọ́n wá bi mí pé: "Ṣé kí n ta fóònù yìí kí n sinmi, àbí ayé ló ti kọjá mi?"

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọ̀fọ̀. Ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Ẹ̀yin lẹ fi ikú ọ̀rẹ́ yín sí ìsàlẹ̀ ìwé, èmi ò lè fi í síbẹ̀. Ẹ ní ẹ jókòó ti ẹ̀kọ àti àkàrà yín láàárọ̀, ẹ fẹ́ wo fọ́tò ọmọ tuntun tí ọmọ yín ní òun gbé sórí status WhatsApp. Ẹ mú awò ojú yín, ẹ tẹ fóònù, ni fọ́tò ọ̀rẹ́ yín bá yọ, àbẹ́là lápá ọ̀tún, àbẹ́là lápá òsì. Ẹni tí ẹ jọ ta ayò lọ́jọ́ mẹ́ta péré ṣáájú. Ẹ ní ọ̀sán pọ́n, ẹ̀kọ yẹn ṣì wà nínú ewé.

Ayé kò kọjá yín o. Ohun tó dùn yín yẹn, bí kò bá dun ènìyàn ló yẹ ká bẹ̀rù. Ilé ọkọ ni mo wà ní 1987 nígbà tí ìyá mi kú. Àbúrò bàbá mi méjì àti ìyá àgbà kan ní agboolé wa ló wá bá mi. Wọ́n ní àwọn kàn yà ni. Wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun. Wọ́n bèèrè ọkọ mi, wọ́n dúró dè é. Wọ́n ní kí n sọ ọmọ tó wà lẹ́yìn mi kalẹ̀, kí n gbé e fún aládùúgbò. Ìyá yẹn wá jókòó tì mí, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí ọ̀rọ̀ náà fi jáde lẹ́nu wọn. Títí dòní, bí mo bá rántí ọjọ́ yẹn, ọwọ́ ìyá yẹn ni mo kọ́kọ́ ń rántí. Bí a ṣe ń túfọ̀ nìyẹn. Ti status, wákàtí 24 péré ni, á pòórá, ẹni tó bá sì bá a níbẹ̀, òun nìkan ló máa dá ẹkún rẹ̀ sun.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n bá ọmọ ọ̀rẹ́ yín tó gbé fọ́tò náà sórí status bẹ̀ yín. Bàbá rẹ̀ ló kú. Ẹni tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí, ọkàn rẹ̀ kì í sí níbì kan, ó sì ṣeé ṣe kó má mọ̀ pé àwọn ọ̀rẹ́ bàbá òun ń wo ibẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka èyí, ẹ bi àwọn òbí yín nísinsìnyí tí wọ́n wà láyé: àwọn wo ni ọ̀rẹ́ wọn, ibo ni ilé wọn wà? Bí ọjọ́ bá pé, ẹ rán ènìyàn lọ sọ́dọ̀ àwọn yẹn kí ẹ tó gbé ohunkóhun sórí fóònù.

Ẹ má ta fóònù náà. Kí GSM tó dé ní 2001, ẹ mọ ohun tí ojú wa rí ká tó gbọ́ ohùn ọmọ tó wà ní Èkó lásán. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé ọmọ yín obìnrin ń pè yín láti Kánádà lọ́jọ́ Sunday, tí ẹ ń rí ojú rẹ̀. Ṣé ìyẹn lẹ fẹ́ tà?

Lẹ́tà tín-tìn-tín ṣeé mú tóbi. Inú Settings ló wà, ọmọ-ọmọ yín kan á ṣe é kí ẹ tó ṣẹ́jú. Àwọn tó ń pè nípa BVN, olè ni wọ́n. BVN kì í kú, báńkì kankan kì í sì pe ènìyàn láti bèèrè PIN tàbí OTP, ìyẹn nọ́ńbà àṣírí tí báńkì ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Ẹ má bá wọn jiyàn, ẹ gé e. Àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó tí kì í jẹ́ kí ẹ sinmi, ẹ tẹ STOP ránṣẹ́ sí 2442, yóò dín kù. Ní ti báńkì, owó yín ni. Ẹ wọlé, ẹ jókòó, ẹ ní ẹ fẹ́ kí ènìyàn dá yín lóhùn. Nídìí POS, ẹ má pe PIN yín fún ọmọ tó jókòó síbẹ̀ o, bó ti wù kó pè yín ní Bàbá tó. Ẹ fọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́, bó bá pẹ́, kó pẹ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn yín á dúró.

Ti jẹnẹrétọ̀, ojúmọmọ ni kí ẹ lọ bá aládùúgbò yín, kì í ṣe lóru tí inú ti ń bí yín.

Àwọn ọmọ-ọmọ yín ńkọ́? Ẹ ní ẹ pariwo mọ́ wọn, ẹ gba fóònù, wọ́n sì jókòó wò yín bí ẹni wo ọlọ́pàá. Mi ò gbà pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí, Ẹ̀gbọ́n. Kí lẹ fún wọn nígbà tí ẹ gba tọwọ́ wọn? Ọpọ́n ayò wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín, ọmọ ayò 48 rẹ̀ pé sínú àpò, ẹ ò sì kọ́ ọ̀kan nínú wọn rí. Ẹ pe èyí tó dàgbà jù lọ, òun nìkan. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ na yín.

Ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ẹ dìde lọ sí ilé ọ̀rẹ́ yín lọ́sẹ̀ yìí. Ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, ó sì ti ń wo ọ̀nà yín. Ọmọ tó gbé fọ́tò yẹn jáde, ẹ jókòó tì í, ẹ bi í bóyá ó ti jẹun. Bí ẹ bá débẹ̀ tán, ẹ kọ̀wé sí mi.