Ọmọ mi tó ń wa bàálù kì í sùn mọ́: ṣé kí n ra oògùn oorun fún un?

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Èkó ni ọmọ mi ọkùnrin ti ń wa bàálù. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, kì í sùn mọ́. Tó bá wá kí mi, á kàn jókòó sí bálíkónì, oúnjẹ á tutù níwájú rẹ̀. Mo ní kó lọ rí dókítà, ó ní wọ́n á gba láísẹ́ńsì òun. Ó wá ní kí n bá òun ra oògùn oorun ní kẹ́míìsì l'Ọ́jà Ọba, kí orúkọ òun má baà wọ ìwé ilé ìwòsàn kankan. Ṣé kí n rà á? (Ìyá kan, Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọ̀fọ̀ mà, ẹ kú àmúmọ́ra.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á. Diazepam, oògùn amúnisùn tí wọ́n máa ń tà káàkiri, kì í tán lára bí ilẹ̀ bá mọ́. Ó lè wà lára fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹni tó lò ó sì máa rò pé ojú òun ti dá. Piriton, oògùn ara yíyún táwọn kan fi ń wá oorun, náà ń kunni lóorun. Èyíkéyìí nínú wọn ò yẹ ẹni tó fẹ́ wà nídìí bàálù.

Ẹ̀rù tó ń bà á nídìí. Awakọ̀ bàálù ò lè ṣiṣẹ́ láìní ìwé ẹ̀rí ìlera, dókítà tí NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí ló sì ń yẹ̀ wọ́n wò látìgbàdégbà. Wọ́n lè ní kó dáwọ́ dúró ná. Àmọ́ kí wọ́n ní kó sinmi yàtọ̀ sí kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti 2010 ni Amẹ́ríkà ti gbà pé awakọ̀ tó ń lo àwọn oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì kan lè padà sẹ́nu iṣẹ́, bí àwọn dókítà bá ti rí i pé ara rẹ̀ ti balẹ̀. Ní Yúróòpù, ó ti di dandan láti 2021 kí ilé iṣẹ́ bàálù ní ètò tí awakọ̀ ti lè sọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹta 2015 ló fà á: igbákejì awakọ̀ kan ní Germanwings, ilé iṣẹ́ bàálù ilẹ̀ Jámánì, tó fi àìsàn rẹ̀ pamọ́ fún ilé iṣẹ́, mọ̀ọ́mọ̀ fi bàálù kọlu òkè ní ilẹ̀ Faransé. Èèyàn 150 ló kú. N ò sọ ọ́ kí àyà yín lè já o. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ń bá jà kì í pa ẹnikẹ́ni lára. Ìfipamọ́ yẹn gan-an ni mò ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má bá a lọ́wọ́ sí.

Mo mọ̀ pé ohun táwọn èèyàn máa sọ náà ń kọ yín lóminú. Nílẹ̀ wa, kí wọ́n tó fọmọ fúnni, wọ́n á kọ́kọ́ ṣèwádìí bóyá wèrè wà nílé yẹn, ìyẹn ló ń mú kí ìdílé máa bo àárẹ̀ ọkàn mọ́lẹ̀ títí á fi burú. Ó máa ń dùn mí gan-an, torí ọ̀fọ̀ àti àìrí oorun sùn wà lára ohun tí à ń tọ́jú tó sì ń lọ.

Kó kọ́kọ́ sọ níbi iṣẹ́ pé ara òun ò yá, kó má sì fò. Òfin ọkọ̀ òfurufú gan-an ló ní kí awakọ̀ tó mọ̀ pé ara òun ò pé má wa bàálù. Lẹ́yìn náà kó lọ rí dókítà ọpọlọ, ní ilé ìwòsàn LUTH tàbí ilé ìwòsàn ọpọlọ Yábàá l'Ékòó lọ́hùn-ún, tàbí níbí ní Àkúrẹ́ bí ìtìjú Èkó bá pọ̀ jù. Kí wọ́n tó kọ oògùn kankan, kó sọ fún wọn pé bàálù lòun ń wà. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú onímọ̀ la fi ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe oògùn. Pásítọ̀ yín lè máa gbàdúrà lọ, kò dí ìtọ́jú lọ́wọ́.

Ẹ̀yin alára, ẹ jókòó tì í ní bálíkónì yẹn, kẹ́ ẹ bi í ní tààrà bóyá ó ń ro ikú. Bíbéèrè kì í ti èèyàn síbẹ̀. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, ì báà jẹ́ òru.